Orúkọ Tí Bàbá Mi Gbọ́

Nọ́ọ̀sì òyìnbó kan ló gbẹ̀bí ìyá mi ní Vom,
lásìkò ọyẹ́ tó ń bó ètè bí ẹní ń bó ẹ̀pà.
Bàbá mi, akọ̀wé rélùwéè, ọmọ Ọ̀fà,
bi í léèrè: kí ni wọ́n ń pè yín, màámi?
Ó ní, Viola.
Lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn ò sí lẹ́nu bàbá mi;
Fọ́ọ̀mù ló ń pe ìlú náà pàápàá.
Ó gbọ́ Fi ọlá.
"Fi ọlá fún ta ni?"
Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì.
Lọ́jọ́ kẹjọ wọ́n tọ́ oyin sí mi lẹ́nu,
wọ́n sì fi ìbéèrè náà sọ mí lórúkọ.

Bí mo bá ń lọ́ra nídìí iṣẹ́ ilé,
ìyá mi á fa orúkọ náà wálẹ̀ bí aṣọ orí okùn:
Fi ọ̀la sílẹ̀, ìwọ ọmọ yìí! Abọ́ àná ni kí o fọ̀.
Ohùn díẹ̀ ló yẹ̀,
ọlá di ọ̀la,
mo sì lọ fọ abọ́.

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe káàdì ní Wuse,
akọ̀wé wo fọ́ọ̀mù mi, ó pòṣé, ó bá mi tún un ṣe.
"Màdáámù, ẹ ṣì í kọ. Bíọ́lá ni."
Mo ní rárá. Ó ní, ṣebí ọmọ Yorùbá ni yín?
Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, oòrùn ń mú.
Bíọ́lá ni mí lórí káàdì yẹn títí di òní.
Ní báńkì, mo ń búra pé èmi àti òun, ẹnì kan náà ni wá.

Lẹ́bàá títì márosẹ̀ Kubwa, Nanpọn ń ta òdòdó nínú ọ̀rá dúdú.
Ó nawọ́ sí ọ̀kan:
aláwọ̀ àlùkò, àárín rẹ̀ bí ìyeyè,
ojú rẹ̀ bí ojú ọmọ tó sunkún tán tí wọ́n fún ní súìtì.
"Viola nìyí. Jọ́ọ̀sì ló ti wá. Kò lè gba oòrùn Abuja,
òru ni mo fi ń gbé e wá."
Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín há mi lọ́fun.
Èmi náà, òru ni wọ́n gbé mi kúrò ní Jọ́ọ̀sì,
lórí mátírẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn ọkọ̀ ànàmọ́,
bàbá mi ń kà wá níbikíbi tí ọkọ̀ bá ti dúró:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.
Mi ò nájà. Iye tó pè ni mo san.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Morẹ́nikẹ́ gbé àpótí kan ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.
"Màámi, fayolíìnì tán nílẹ̀ kó tó kàn mí.
Orúkọ yín ni wọ́n fún mi."
Ó ṣí i.
Málàm Tanko tó ń ṣọ́ géètì yọjú: "Gòjé ni?"
Ó ní ìrù ẹṣin ni bàbá òun fi ń ta á ní Gusau.
Mo ní ìbátan gòjé ni.

Ohùn rẹ̀ ò ga, kò sì wálẹ̀.
Ó dà bí ohùn àárín tí a kì í fi àmì sí nínú ìwé wa,
re tó wà láàárín dò àti mí,
tẹ́nikẹ́ni ò rántí kí.
Yọ ọ́ kúrò nínú ọlá,
kí o wá wo ohun tó kù.

Òdòdó náà ò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ.
Lálẹ́ àná, iná lọ.
Morẹ́nikẹ́ ń fa okùn kan ṣoṣo nínú òkùnkùn,
Málàm Tanko ń ké láti géètì: "Fiyola!"
Mo jẹ́ hẹn.
Mẹ́rúwà ló dé.
Mo ra kẹ́ẹ̀gì márùn-ún,
mo da díẹ̀ sí ìkòkò tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.