Ẹsẹ̀ Bí Osùn

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ka igi ìwọ̀n omi
lẹ́bàá afárá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí oòrùn tó yọ.
Nọ́ńbà nìkan ni mo máa ń kọ sínú ìwé:
mítà kan àti díẹ̀, mítà méjì, omi kún, omi fà.
N kò kọ ẹyẹ rí.

Àfi ọjọ́ Àlàmísì yẹn.
Ohun kan yọ lábẹ́ ẹ̀ka tó tẹ̀ kan omi,
ó rì dé ẹ̀yìn, ọrùn nìkan ló kù lókè,
ó ń yọ́ lọ bí onígbèsè tó ń gba ẹ̀yìnkùlé olówó kọjá.
Àgógó ẹnu rẹ̀ pọ́n. Ìlà funfun kan sọ̀ láti ojú dé èjìká
bí òwú tí aránṣọ gbàgbé sára agbádá.
Ó gun gbòǹgbò, mo wá rí ẹsẹ̀ rẹ̀:
ẹsẹ̀ ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi osùn kùn.
Mo ṣẹ́jú. Kò sí mọ́.

Gàníyù ọmọ apẹja ní, "Pẹ́pẹ́yẹ tó sá nílé ni."
Pẹ́pẹ́yẹ wo ló ń gun igi, Gàníyù?
Pẹ́pẹ́yẹ wo ni kì í pariwo?
"A jẹ́ pé iwin ni."
Mo ní kó wa ọkọ̀.

A lọ lọ́jọ́ Àìkú, a tún lọ lọ́jọ́ Àìkú kejì.
Odò rí bí omi tí àgbẹ̀ fi ṣan ẹsẹ̀,
ọ̀rá píọwọ́tà há sára ìtàkùn, ó ń tàn wá jẹ:
a óò yọ́ dé ibẹ̀, a óò sé èémí, ọ̀rá.
Lékeléke pọ̀. Ta ló ń wá lékeléke?
Ìyá Ráfátù tó ń fọ àpò gaàrí létí omi wò wá títí,
ó ní òun rí i nígbà tí oyún Ráfátù wà nínú òun.
"Ẹ má fi ọkọ̀ lé e. Ẹ jókòó, kó gbàgbé yín."

Mo jókòó. Ẹ̀fọn jẹ mí dé ihò etí.
Ní ìdájí ọjọ́ kẹfà, omi ya níwájú mi bí aṣọ gbígbó,
ìlà méjì, wọ́n ń fẹ̀ lọ, wọ́n ń fẹ̀ lọ,
n kò rí ara tó ya á.

Lópin oṣù, ọ̀gá ṣí ìwé mi wò:
"Kí ni èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà kan àti díẹ̀?"
Ẹyẹ ni, sà. N kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.
Ó wò mí, ó wo odò,
ó ní kí n fi báírò kọ ọ́,
pé pẹ́ńsùlù máa ń parẹ́.