Ìka Mẹ́rin

Ìka mẹ́rin ló wà láàárín táyà àti irin orí rẹ̀.
Tuovi fẹ́ kó ku ẹyọ kan.
Ọdún kan gbáko ló fi ń ha ìpẹ́ ẹja ní Kemi
nítorí sípíríǹgì kúkúrú,
nítorí rímù oní-íǹṣì mẹ́tàdínlógún
tó ń dán bí eyín ọmọdé.

Ìyá ìyá rẹ̀ yọ síta tọ̀pátọ̀pá,
ó wo ọkọ̀ kékeré náà, ó wo ìbàdí ara rẹ̀:
"Ṣé kí n kúnlẹ̀ kí n tó wọlé ni?"

Yìnyín ti ń bọ̀. Ọ̀nà abúlé, kòtò-gegele.

Ṣọ́ọ̀kì tuntun ló rà, gíga ti tẹ́lẹ̀,
táyà oníṣòó, rímù irin dúdú.
Owó ṣẹ́ kù.
Ó tún wọn àlàfo náà wò:
ìka mẹ́rin.
Ó ká mẹ́ta kò.
Ó di ìgbà ooru.