Ìràwọ̀ Páálí

Òjò ọjọ́ Ẹtì ń rọ̀ ní Grimsby,
òjò wẹliwẹli tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá.
Mo jókòó sórí àga bàbá mi,
àwo ẹja díndín lórí itan.
Mo ti búra pé n ò ní rẹ́rìn-ín.
Ẹni tí wọ́n ti tàn wọlé rí,
ẹsẹ̀ kan ni í fi wọ yàrá, a fi ìkejì há ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ wò ó nígbà náà, ẹ ó rántí:
ilé ìfọṣọ kan tí ń fò yí òrùka Sátọ́ọ̀nù ká,
ìyá àti ọmọ tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀ àfi lórí gbèsè,
àti Táńkì, rọ́bọ́ọ̀tì tí ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ́ áyọ́ọ̀nù,
tí ẹ̀rù omi gbígbóná sì ń bà.
Páálí ni ògiri ọkọ̀ wọn.
Bí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn, gbogbo sánmà a mì,
ìràwọ̀ kan a já bọ́,
Enid Thackray a fẹsẹ̀ gbá a sábẹ́ tábìlì
láì dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró.
Bàbá mi a rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n pa á. Ọdún mọ́kàndínlógún kọjá.
Àwọn olówó wá gbé e dìde:
irin dídán dípò páálí,
Sátọ́ọ̀nù tí kọ̀ǹpútà yà, ó rẹwà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.
Wọ́n lé àwọn òǹwòran kúrò ní sítúdíò,
kò wá ku ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín.
Táńkì ń sunkún, fèrè ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.
Ìyá dì mọ́ ọmọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ara àwọn.
Bàbá mi wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ.
Ó ní, "Òkú ni wọ́n wọ̀ láṣọ,"
ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó lọ fọ ife tíì rẹ̀.
Ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, a sin òun náà.

Alẹ́ òní ńkọ́?
Ògiri yọ. Mo sún síwájú.
Páálí!
Mo rí ibi tí ọ̀dà ti ṣí,
mo rí àmì ìka ẹnìkan lórí òṣùpá.
Cuthbert Mossop ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin,
nǹkan kan ń dún kẹ̀kẹ̀ nínú agolo Táńkì,
èmi ò mọ̀ bóyá rọ́bọ́ọ̀tì ló ń fẹ́ òróró
tàbí orúnkún òṣèré.
Enid wọlé. Ó gbé àpò aṣọ kalẹ̀.
Kò kí i, kò dì mọ́ ọn.
"Ẹ̀wù ọ̀gágun ńkọ́?"
Táńkì ní, "Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń lọ̀ ọ́."
Ó nà án sókè. Kò tó ìnujú.

Ẹ̀rín bú, ẹ̀rín ènìyàn gidi, gbágungbàgun,
obìnrin kan ò tètè parí tirẹ̀,
ọkùnrin kan sì ń wúkọ́ níparí ẹ̀rín.
Ẹja jábọ́ lọ́wọ́ mi.
Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun.
Èmi gan-an ni mo ra òkúta tó wà lórí rẹ̀.
Síbẹ̀, mo gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Enid fìbínú ti ilẹ̀kùn.
Ìràwọ̀ já.
Mo ń bẹ̀ ẹ́ lábẹ́ èémí mi: gbá a, ìyá àgbà, gbá a.

Wọn ò tíì kọ orúkọ àwọn òṣèré tán tí fóònù dún.
Thelma ni, láti Cleethorpes.
A kì í pe ara wa, láti ọjọ́ ìsìnkú,
lórí ọ̀rọ̀ àga tí mo jókòó sí yìí.
"O rí bó ṣe gbá a?"
"Mo rí i."
Mo ń gbọ́ òjò lójú fèrèsé tirẹ̀ náà.
Ó ní, "O ṣì jẹ mí ní ìdajì owó àga yẹn."
Mo ní kó wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀,
kó sì dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù.