Ojú Fèrèsé Méjì

Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti kọ̀ǹpútà yìí jọ ń jí
ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Bálógun, ní Ẹ̀pẹ́,
níbi téèyàn ti ń rí ọ̀sà láàárín òrùlé méjì.
Ilẹ̀ la máa ń wọ̀n: okùn, òpó kọnkéré, nọ́ńbà lórí òpó,
ká yà á sórí ẹ̀rọ, ká fi pamọ́.
Ibi ìfipamọ́ yẹn ni ẹsẹ̀ mi ti wọ pàkúté.

Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá fáìlì!
Póka wà nínú Nóforíjà,
Nóforíjà wà nínú "Tuntun",
"Tuntun" wà nínú "Tuntun Gan-an".
"Má Pa Èyí Rẹ́" nìkan ló dá wà níta;
mo ṣí i, òfìfo ni.

Fèrèsé tí wọ́n bí mọ́ ẹ̀rọ náà,
mo tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́.
Mo tún un tẹ̀, òrùka kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí,
ó yí, ó yí, ó yí,
bí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú sáàárín ọ̀sà.
Alhájà Ṣìfáwù wo aago, ó wò mí.
Mo ní, "Ẹ̀rọ ń rò ó ni, mà."
Ó ní, "Kí ló ń rò? Ṣé ilẹ̀ bàbá tiẹ̀ ni?"

Káṣìmáwò, ọmọṣẹ́ mi, ló là mí lójú:
"Ọ̀gá, èyí tó bá ẹ̀rọ wá kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀.
A lè fi òmíràn sí i."
Èmi tí mo ti ń rò pé bí wọ́n ṣe bí i ló ṣe máa kú.

Ó gbé àkọ́kọ́ wá. Àwọ̀ mẹ́fà, bọ́tìnnì lórí bọ́tìnnì,
ibi tí mo fẹ́ tẹ̀ ń sá fún ìka mi.
Ó ń kí mi láràárọ̀;
nígbà tó pé ọgbọ̀n ọjọ́, ó ní kí n wá sanwó ìkíni.

Ó gbé èkejì wá. Dúdú biribiri, lẹ́tà funfun lásán,
kò sí àwòrán, kò sí ohun téèyàn máa tọ́ka sí.
Káṣìmáwò ń tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà, inú rẹ̀ ń dùn.
Èmi ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo tẹ̀,
Mọ́jọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lórí ilẹ̀ ayé,
tòun tilé ẹ̀kọ́, tòun titẹ́ òkú.

Ẹ̀kẹta ló lójú méjì.
Ohun tí mo bá mú lósì, màá gbé e sọ́tùn-ún,
n ò ní jáde, n ò ní ṣìnà.
Mo rántí ìyá mi létí omi,
abọ́ kan lápá ọ̀tún, abọ́ kan lápá òsì,
òbòkún síhìn-ín, epìyà sọ́hùn-ún,
ó ń bá ẹnì kan jà lórí gbèsè,
ọwọ́ rẹ̀ ò sì ṣi ẹja kan gbé.
Mo ní, "Káṣìmáwò, jẹ́ kí eléyìí wà níbẹ̀."
Ó ní kò lẹ́wà.
Mo ní kò kúkú ní lọ sóde.

Alẹ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi kó ilẹ̀ láti òsì sọ́tùn-ún,
jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́, ẹ̀fọn ń wọn ẹsẹ̀ mi.
Nígbà tí Alhájà padà dé,
kó tó jókòó, ìwé rẹ̀ ti ń jáde.
Ó yí i wò tojú tẹ̀yìn:
"Ó mà yá jù. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á báyìí?"

Fáìlì kan ló kù lósì.
Ọ̀gá Sàláwù ló yà á, lọ́sẹ̀ tí ikú mú un:
òpó mẹ́rin, ìlà mẹ́ta,
kò sí orúkọ ìlú, kò sí orúkọ ẹni tó ni ín.
Ìlà kẹrin dúró sáàárín ọ̀nà.
Káṣìmáwò ní kí n pa á rẹ́.
Mo gbé ìka sórí rẹ̀, mo gbé e kúrò.
Láràárọ̀ tí mo bá ṣí ẹ̀rọ,
ọ̀tún á kún fọ́fọ́,
òsì á ṣí ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi.
Ilẹ̀ ta ni?