Ọkọ̀ Búrẹ́dì

Nígbà tí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kógbá sílé,
owó oṣù méje ni wọ́n jẹ mí.
Ọ̀gá ní kò sí owó, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi:
"Rànmọ́nù, máa mú ọkọ̀ lọ."

Mo tú pẹpẹ tí a ń to búrẹ́dì sí, mo tẹ́ tìmùtìmù síbẹ̀,
mo fi ayùn la fèrèsé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ta kẹ́tìnì,
sítóòfù kan, kẹ́ẹ̀gì omi méjì, ike ìtọ̀ kan.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá dàgbà á mọ̀.
Sàfúrátù gòkè wá, ó fa imú, ó ní:
"Òórùn ìyẹ̀fun ò tíì kúrò nílé yìí."
Ó pè é nílé.
Mo gbọ́, n ò sọ̀rọ̀.

A ní a ó rin ìrìn àjò dé Ìdànrè, a ó dé Èsìẹ́,
ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ fi Èkó dánra wò.
Wíwa ọkọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ rárá.
Ibi téèyàn ó ti paná ọkọ̀, tí yóò sì dijú, niṣẹ́ wà.

Alẹ́ àkọ́kọ́, ilé epo kan ní Òyìngbò.
Ọlọ́dẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí wa lójú:
"Bàbá, kí lẹ fẹ́ rà?"
Mo ní oorun nìkan ni.
Ó ní oorun ò sí nínú ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀.

Alẹ́ kejì, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Yàbá.
Wọ́n gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà,
wọn ò sọ fún wa pé ìṣọ́ òru ni.
Láti aago mọ́kànlá ni wọ́n ti ń lé ọ̀tá.
Sàfúrátù fi ìrọ̀rí dí etí:
"Ọ̀tá tí wọ́n ń lé láti àná yìí,
ó mà lè jẹ́ àwa o."

Alẹ́ kẹta, ẹ̀bá ọ̀sà ní Mákòkó.
Yànmùyánmú ibẹ̀ ò béèrè ìwé ọkọ̀,
owó orí nìkan ni wọ́n ń gbà.
Ọmọdékùnrin kan tukọ̀ kọjá, ó bi wá
ṣé inú ọkọ̀ làwa náà ń gbé.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní tàwọn ń léfòó.
Mo ní tiwa ń mu epo.

Àárọ̀ gbogbo ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn:
n ò kun ọ̀dà bo àkọlé tó wà lára ọkọ̀.
"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì gbóná?"
Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin kan gbé ọmọ pọ̀n wá,
Sàfúrátù gé èyí tá a fẹ́ jẹ sí méjì,
ó na ìdajì gba ojú fèrèsé, kò gbowó.

Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún, a gba Afárá Kátà wọ Láfíàjí.
Ilé tí wọ́n bí i sí ti di paákì.
Ọmọkùnrin kan tó dé fìlà ní ẹgbẹ̀rún méjì ni,
àti pé aago mẹ́fà àárọ̀ lówó wa ó tán.
Sàfúrátù sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀.
Ibí ni kànga. Ibí ni àtẹ̀gùn.
Ibí ni wọ́n sin ìwọ́ mi sí, lábẹ́ mọ́tò aláwọ̀ eérú yẹn.
"Sún sẹ́yìn. Díẹ̀ sí i. Ọ̀tún. Ọ̀tún, mo ní!
Ó tó.
Yàrá ìyá mi nìyí."

Kí n tó pa àtùpà, ó ti sùn,
ẹni tí kò tíì fojú kan oorun láti ọjọ́ mẹ́rin.
Mo jókòó tì í, mò ń gbọ́ bó ṣe ń han-run.

Aago mẹ́fà lù. Wọ́n kanlẹ̀kùn.
Mo yọ́ bọ́ sílẹ̀, mo fi ìka lé ètè,
mo ka ẹgbẹ̀rún kan sí i lọ́wọ́.
Ó wo owó, ó wo ara ọkọ̀,
ó wá rẹ ohùn sílẹ̀:
"Bàbá, ṣé búrẹ́dì wà?"