Ohun tí Pẹ́ńsùlù Kọ sí Etí Ìwé

Àpótí mẹ́ta ni Ìbídùnní, ọmọ Tísà Ṣókúnbi, gbé wá bá mi ní Ṣàpọ́n,
ìwé ìtàn àtijọ́, ikán ti jẹ ẹ̀yìn wọn.
"Ẹ bá mi tún wọn dì. Bàbá fẹ́ràn wọn jù wá lọ."
Mo po ẹ̀kọ, irú èyí tí àwọn aládìírẹ Ìtòkú fi ń ya aṣọ,
mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Èmi kì í ka ìwé tí mo bá ń dì.
Alápatà kì í bá màlúù ṣeré.
Àmọ́ òjò há mi mọ́ ìsọ̀, iná lọ,
ojú mi sì já lu apànìyàn kan lábẹ́ àtùpà.

Akọ̀wé ni. Ó fi irin ìkoná lu ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pa nítorí ilé.
Ó ṣe é tán, ó gbé àga tó ṣubú nàró,
ó fi ọmọrí dé ìkòkò ọbẹ̀
kí eṣinṣin má baà kó sí i.
Mo pòṣé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ̀mí, ọbẹ̀ ló ń ṣàánú!
Ìgbà náà ni mo rí i létí ìwé, wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ eèrà,
ọwọ́ Tísà:
Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí.

Kò sí ọwọ́ tí mo mọ̀ tó ìyẹn láyé.
Òun ló di ọwọ́ mi mú mọ́ ẹfun ìkọ̀wé
títí mo fi mọ̀ pé B yàtọ̀ sí D.

Mo ṣí ìwé kejì. Ìyàwó ilé kan bu nǹkan sí tíì ọkọ rẹ̀.
Kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, ìwàásù kò sì mì í,
ológbò tó jókòó lójú fèrèsé ló ń sá fún,
torí ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́.
Pẹ́ńsùlù ní: Tèmi, ewúrẹ́ ni.

Níta, àgbàrá ń wọ́ ike lọ sódò Sókorí.

Ìwé kẹta: ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú òkun lóru,
ogún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ń yìn ín níbi àsè, ó ń rù.
Pàṣán kò mú un jẹ́wọ́; ìyìn ló mú un.
Etí ojú ewé yìí dọ̀tí. Tísà kọ nǹkan gígùn síbẹ̀,
ó sì fi rọ́bà pa á rẹ́.
Ó ti pa ẹnì kan, ó tún wá ń pa ọ̀rọ̀ tó sọ ọ́.
Mo gbé bébà sún mọ́ iná. Ohun tó kù kò ju
afárá, àti fìlà rẹ̀.

Tísà kì í gba afárá Láfẹ́ńwá kọjá lálẹ́ kó má ṣí fìlà.
Àdúrà la pè é.
Àwa ọmọ ilé-ìwé tilẹ̀ ń fara wé e.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.
Àwọn ìwé yìí ò gbà bẹ́ẹ̀.
Nínú wọn, ẹni tó ṣu ló ń padà wá wò ó,
a fi ìwà tútù bora bí aṣọ òtútù,
a máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní B, ní D.

Ẹni bá di ìwé gbọ́dọ̀ gé etí rẹ̀ kó dọ́gba. Iṣẹ́ ni.
Mo pọ́n ọ̀bẹ.
Mo fi pátákó tẹ ìwé mọ́lẹ̀, mo fà á,
bébà tẹ́ẹ́rẹ́ já bọ́, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan.
Orúkọ ẹnì kan lè wà níbẹ̀. N ò wò ó.

"Wọ́n mà dára o," ni Ìbídùnní wí láàárọ̀. "Ẹ ti gé etí wọn."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó lọ tán, mo ka owó,
mo gbé àpótí ìjókòó tó ṣubú nàró,
mo fi ọmọrí dé ìkòkò ẹ̀kọ
kí eṣinṣin má baà kó sí i.