Ilẹ̀kùn Kẹrin

Bàámi kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n lé.
Wọn a yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan,
wọn a gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òrùlé páànù,
wọn a máa gbọ́.

Lábẹ́ àga ẹ̀yìn, pọ́ǹpù a kọ́kọ́ fa èémí:
fìììì,
bí arúgbó tó fẹ́ jókòó tí eékún ò gbà fún un.
Iwájú lósì: tọ́.
Iwájú lọ́tùn-ún: tọ́.
Ẹ̀yìn lọ́tùn-ún: tọ̀ọ̀, tìkọ̀tìkọ̀.
Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Ìdákẹ́ yẹn gùn.
Rélùwéè á fọn fèrè níhà Ìddó,
ajá ilé Ìyá Fọlọ́runṣọ́ á gbó lẹ́ẹ̀mejì, á tún rò ó wò.
Bàámi ò ní mira.
Àfi ìgbà tí ohùn kékeré kan bá ti ẹ̀yìn lósì wí pé
pó.
“Ó tì,” ni wọn a sọ, wọn a sì wọlé.

Èdè wa yìí náà ń pa mí lẹ́rìn-ín.
Ó tì: ilẹ̀kùn ti gbọ́ràn.
Ó tì: rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀.
Mo bi wọ́n nígbà kan pé èwo ni wọ́n ń wí.
“Fún ilẹ̀kùn yẹn? Méjèèjì.”

Bẹ́ńsì náà ti wà kí n tó mọ̀wé kà,
tòkúnbọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.
Píìnì mẹ́rin ló yọrí lẹ́bàá fèrèsé
bí ọmọ mẹ́rin tí tíṣà ní kí wọ́n jókòó:
mẹ́ta gbọ́, ìkẹrin ṣì ń wo ìta.

Ráúfù rìwáyà ti Ládípọ̀ wá ní Sátidé kan,
irinṣẹ́ rẹ̀ nínú àpò ìrẹsì.
Ó tú inú ilẹ̀kùn, ó fi ẹnu sí rọ́bà,
ó fà á: píìnì wọlẹ̀.
Ó fẹ́ ẹ: píìnì yọrí.
Bàámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́.
“Bàbá, ẹ jẹ́ n yọ gbogbo rádaràda yìí dànù.
Sẹ́ńtà-lọ́ọ̀kì Ṣáínà wà. Ẹ tẹ bọ́tìnì, pìì-pìì, ó parí.”
Bàámi wo ọkọ̀ aládùúgbò wa, èyí tó ń ké lóru
bí adìyẹ tí ejò ká mọ́ ìdí ẹyin.
“N ò fẹ́ ohun tó ń kígbe, Ráúfù.
Ohun tó ń dáhùn ni mo fẹ́.”

Àwa mẹ́rin ni Màámi bí. Èmi ni mo kẹ́yìn.
Láyé tí mo ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú,
aago mọ́kànlá ni mo ń wọlé, yíǹkì ní èékánná.
Láti ojúde ni mo ti ń rí iná pálọ̀.
Bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn báyìí, iná a kú.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Etí wọn ti lọ nísinsìnyí.
Wọ́n ṣì ń yí kọ́kọ́rọ́ náà ní àṣálẹ́,
ọwọ́ lórí páànù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́:
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.
Rọ́bà ẹ̀yìn lósì sán lọ́dún tó kọjá, kò dáhùn mọ́.
Èmi ni mo ń lọ dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń wo táyà,
tí mo ń fi oríkèé ìka kan ilẹ̀kùn:
pó.
“Ó tì,” wọ́n á ní.
Bí wọ́n bá wọlé tán, mo tún un ṣí, mo tẹ píìnì rẹ̀, mo tì í gan-an.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ò wẹ̀yìn.
“Ilẹ̀kùn yẹn,” ni wọ́n wí, “ó ti ń yá jù.”

Láti ìgbà náà, mo ń dúró
kí rélùwéè fọn,
kí ajá gbó lẹ́ẹ̀mejì,
kí n tó kàn án.